Akọni tó ń pa ni lẹ́rìn-ín: Ohun tí Accra lè kọ́ wa nípa eré àgbéwọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì

Akọni alágbára tí a mọ̀ nínú sinimá sábà máa ń dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. A fò sókè, a gbé ọkọ̀ akẹ́rù bí ẹni gbé igbá, ọ̀tá a sì ṣubú. Ṣùgbọ́n irú eré kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí kò ti sí òǹkọ̀wé kan ṣoṣo, tí kò sì sí akọni kan ṣoṣo. Ẹni mẹ́ta, márùn-ún tàbí mẹ́wàá ló jọ ń kọ ìtàn náà, oníkálukú pẹ̀lú akọni tirẹ̀, ẹ̀rín ló sì sábà máa ń gbẹ̀yìn ìjà.

Roleplay ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Nínú àlàyé yìí, a ó pè é ní eré àgbéwọ̀, nítorí pé ẹni tó ń ṣe é gbé àwọ̀ ẹ̀dá mìíràn wọ̀: ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹ̀dá náà, òun ló sì ń pinnu bí ẹ̀dá náà yóò ṣe hùwà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wò ó bí eré òyìnbó lásán. Accra, olú-ìlú Ghana, fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú tí Ananse, aláǹtakùn inú àlọ́ àwọn Akan, ti di akọni orí fóònù, ọgbọ́n kí àwùjọ jọ sọ ìtàn, kí wọ́n sì fi alágbára ṣe ẹ̀fẹ̀, ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ohun tó jẹ́ tuntun ni ìbéèrè tí íntánẹ́ẹ̀tì mú wá: ta ló ni akọni tí ọwọ́ púpọ̀ jọ mọ?

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Eré yìí kò nílò àwòrán aláràbarà tàbí ẹ̀rọ olówó ńlá. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹnì kan, tí a lè pè ní atọ́kùn, a gbé ìṣòro kan kalẹ̀. Àwọn yòókù a máa tò tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan a kọ ìpínrọ̀ kan tàbí méjì nípa ohun tí akọni rẹ̀ ṣe tàbí sọ, a sì dúró kí ẹni tó kàn dáhùn. Ìtàn kan lè parí ní alẹ́ ọjọ́ kan, òmíràn sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tí a fúnra wa gbé kalẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Atọ́kùn kọ ọ́ pé ọ̀daràn kan ti jí gbogbo owó ṣéńjì tó wà ní Accra. Láti Circle títí dé Madina, kò sí ọmọ ọkọ̀ tró-tró kan tó rí owó dá padà fún èrò. Akọni mẹ́ta ló dìde:

• Ọ̀gbẹ́ni Dúró-Síbí, tó lè na ìka kan kí ọkọ̀ tró-tró èyíkéyìí sì dúró, ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ bí owó ọkọ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò bá pé géérégé.

• Ìyá Oníwaakye, tó lè gbóòórùn irọ́ láti òpópónà kejì, ṣùgbọ́n tí kò lè kúrò nídìí ìkòkò rẹ̀ àfi bí oúnjẹ bá tán.

• Ọmọ Dumsor, tó lè mú iná mọ̀nàmọ́ná padà dé fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Dumsor ni orúkọ tí àwọn ará Ghana fún iná tó ń lọ tó ń bọ̀; láti inú èdè Twi ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí iná kú, kí ó tún tàn.

Ẹni tó ń ṣe Ọ̀gbẹ́ni Dúró-Síbí ló kọ́kọ́ kọ̀wé. Ó ní akọni òun na ìka sí ọkọ̀ tí ọ̀daràn wọ̀. Àmọ́ ṣéńjì ti tán nílùú, nítorí náà owó ọwọ́ rẹ̀ kò pé. Ọkọ̀ kọjá fìrì, eruku sì bo akọni láti orí dé ẹsẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe Ìyá Oníwaakye rí àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òórùn irọ́ ń kọjá níwájú ìsọ̀ òun, ṣùgbọ́n oníbàárà mẹ́fà ṣì wà lórí ìlà. Ó wá ké gbàjarè pé ẹni tó bá dá ọkọ̀ yẹn dúró yóò jẹ waakye lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù kan. Oníbàárà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ki eré mọ́lẹ̀, wọ́n gbá tẹ̀lé ọkọ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ṣú, Ọmọ Dumsor tan iná ìlú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú gbogbo ayé sì tó ọ̀daràn níbi tó ti ń ka owó ẹyọ sínú àpò ìrẹsì.

Kò sí èyí tó lè dá iṣẹ́ yìí ṣe nínú àwọn akọni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká ní Ọ̀gbẹ́ni Dúró-Síbí lè dá gbogbo ọkọ̀ dúró nígbà gbogbo ni, ìtàn náà ì bá ti parí ní ìlà kìíní, àwọn yòókù ì bá sì di òǹwòran. Àìlera akọni kan ni ilẹ̀kùn tí ẹnìkejì ń gbà wọlé. Òun náà ló ń bí ẹ̀rín.

Òfin wo ni kì í jẹ́ kí eré dàrú?

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin kan wọ́pọ̀:

• Ẹ má ṣe pinnu fún akọni ẹlòmíràn. Ẹ lè kọ ọ́ pé akọni yín ju ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tó ni akọni kejì ni yóò sọ bóyá ẹ̀ṣẹ́ náà bà á.

• Ẹ má ṣe mú akọni tí kò lè ṣubú wá. Ẹni tí ohunkóhun kò lè ṣe kò ní ohun tí yóò bá àwọn yòókù sọ.

• Ẹ má ṣe da ohun tí ẹ mọ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí akọni yín mọ̀. Bí ẹ tilẹ̀ ti ka ibi tí ọ̀daràn sá sí, akọni yín ní láti wá a fúnra rẹ̀.

• Agbára àti ìgbéraga akọni ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ara ènìyàn gidi kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Níbo ni eré yìí ti ṣẹ̀?

Ní ọdún 1974 ni Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, eré tí àwọn ènìyàn ń jókòó yí tábìlì ká láti ṣe, tí wọ́n ń gbé àwọ̀ jagunjagun àti oṣó wọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn akọni alágbára fi wọ inú irú eré bẹ́ẹ̀: Superhero: 2044 jáde ní ọdún 1977, Champions sì tẹ̀lé e ní ọdún 1981. Champions ló mú ọgbọ́n kan gbajúmọ̀. Nínú rẹ̀, àmì ni ẹni tó ń ṣe eré fi ń ra agbára fún akọni rẹ̀, ẹni tó bá sì gbà kí akọni òun ní àìlera kan, ìbáà jẹ́ ẹ̀rù, ọ̀tá tàbí ìlérí tí kò lè yẹ̀, yóò rí àmì kún ti ọwọ́ rẹ̀. Àìlera di ohun tó níye lórí.

Ní àkókò kan náà, kọ̀ǹpútà ń mú àwọn tó jìnnà síra wọn wá sójú kan. Ní ọdún 1978, ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Roy Trubshaw àti Richard Bartle, bẹ̀rẹ̀ eré MUD, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ nìkan ṣe. Nígbà tó di ọdún 1992, àwọn olólùfẹ́ ìwé akọni tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì dá ẹgbẹ́ akọni ẹlẹ́fẹ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Legion of Net.Heroes. Ẹnikẹ́ni lè kọ tirẹ̀ kún un, àwọn akọni náà sì jẹ́ irú èyí tí orúkọ wọn nìkan ti tó pa ni lẹ́rìn-ín.

Kí ló kan Accra nínú rẹ̀?

Bí ẹ bá bi àwọn Akan léèrè akọni wọn tó gbajúmọ̀ jù, aláǹtakùn kékeré kan ni wọn yóò dárúkọ. Nínú ìtàn tí R. S. Rattray, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, kọ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1930, Ananse lọ bá Nyame, Ọlọ́run òkè, pé òun fẹ́ ra gbogbo ìtàn ayé. Nyame ní kó mú òjòlá, ẹkùn, agbọ́n àti iwin wá. Àwọn ìlú ńláńlá ti gbìyànjú, wọn kò rí i rà.

Ananse kò ní agbára kankan tó lè fi bá òjòlá jà. Aso, ìyàwó rẹ̀, ló gbà á nímọ̀ràn pé kí ó gé igi ọ̀pẹ àti okùn, kí ó sì máa bá ara rẹ̀ jiyàn létí odò bóyá òjòlá gùn ju igi náà lọ. Òjòlá, tí ìyàn náà dùn mọ́, na ara rẹ̀ sórí igi kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n. Ananse dì í mọ́ igi láti ìrù dé orí. Báyìí ni gbogbo ìtàn ayé ṣe di ìtàn Ananse. Akọni aláìlágbára, olùrànlọ́wọ́ tó gbọ́n jù ú lọ, àti ọ̀tá tí ìgbéraga rẹ̀ so mọ́lẹ̀: gbogbo ohun tí eré àgbéwọ̀ ń wá ló pé síbẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ìtàn náà tún ṣe pàtàkì. Nígbà tí apààlọ́ Akan bá ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni nínú àwùjọ lè dá a dúró, kí ó dá orin, kí ó jó, tàbí kí ó ṣe bí ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dá inú ìtàn. Mboguo ni wọ́n ń pe irú ìdásí bẹ́ẹ̀. Àwa Yorùbá kò ní ṣàjèjì sí i: nínú àlọ́ àpagbè, bí apààlọ́ bá dákẹ́, tí àwùjọ kò gbe orin, Ìjàpá kò ní lè tẹ̀ síwájú.

Efua Sutherland, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé ọmọ Ghana tó gbé ayé láti ọdún 1924 sí 1996, rí i pé ọgbọ́n yìí lè gbé eré ìgbàlódé ró. Ilé eré Ghana Drama Studio tó dá sílẹ̀ ní Accra ṣí ní ọdún 1961, ó sì bá àwọn ará Ekumfi Atwia kọ́ ilé ìtàn kan tí wọ́n pè ní Kodzidan. Nínú eré rẹ̀ The Marriage of Anansewa, tó jáde ní ọdún 1975, mboguo kò kúrò lórí ìtàgé. Àwọn ọmọ tó dàgbà ní Ghana ní àwọn ọdún 1990 pàdé ọgbọ́n kan náà lórí tẹlifíṣàn nínú ètò By the Fireside.

Àwọn ará Ghana kì í sì í gba akọni àjèjì lọ́wọ́ òfo. Ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, àwọn tó ń gbé fídíò àti jẹnẹrétọ̀ káàkiri ìlú àti abúlé máa ń gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán láti ya ìpolówó sinimá sórí àpò ìyẹ̀fun. Nígbà mìíràn ayàwòrán kò tíì wo sinimá náà. Ó lè fi ejò, iná tàbí iṣan apá tí kò sí nínú eré kún un. Òǹwòran ń jọ kọ ìtàn pẹ̀lú ẹni tó ṣe sinimá, bí ẹni náà kò tilẹ̀ mọ̀.

Láti ìdí iná dé orí fóònù

Ní ọdún 2009, Eyram Tawia, ọmọ Ghana, àti Wesley Kirinya, ọmọ Kenya, dá ilé iṣẹ́ Leti Arts sílẹ̀. Láti Accra ni wọ́n ti ń ṣe eré orí fóònù àti ìwé àwòrán nípa àwọn akọni Áfíríkà. Àkójọ wọn Africa's Legends mú Ananse wọ aṣọ akọni ìgbàlódé, ó sì fi í sí ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú Shaka àwọn Zulu.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbìyànjú irú rẹ̀. Ní ọdún 2003, eré àwòrán Static Shock gbé akọni rẹ̀ lọ sí Ghana, ó sì pàdé akọni ilẹ̀ náà, Anansi. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ní Accra, àwọn tó ni ìtàn ló ń kọ ọ́ fúnra wọn.

Akọni tó fi èyí hàn jù lọ ni Karmzah, tó jáde ní ọdún 2018. Farida Bedwei ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú Leti Arts. Bedwei, tí wọ́n bí ní ìlú Èkó ní ọdún 1979, jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó lórúkọ ní Ghana, ó sì ní ìpèníjà cerebral palsy, èyí tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ darí iṣan ara bó ṣe yẹ. Karmzah náà ní ìpèníjà yìí. Ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀ rìn ni agbára rẹ̀ ti ń wá.

Ẹ wo bí èyí ṣe bá òfin eré àgbéwọ̀ mu. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi akọni tó ní ìpèníjà ara pa ni lẹ́rìn-ín ní láti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ta ni ẹ̀rín yìí yóò dun? Ọ̀daràn tó rò pé ẹni tó ń tilẹ̀ rìn kò lè mú òun, tí ọ̀pá wá gbá a wọ inú gọ́tà, jẹ́ ohun ẹ̀rín. Ọ̀pá fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Ní Nàìjíríà náà, àwọn ilé iṣẹ́ bíi Comic Republic ní Èkó ti ń dá akọni tiwọn sílẹ̀, Iwájú, eré àwòrán nípa Èkó ọjọ́ iwájú tí àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà inú Kugali ṣe pẹ̀lú Disney, sì jáde ní ọdún 2024.

Ta ló ni akọni tí ọwọ́ púpọ̀ mọ?

Ibí ni eré ti ń di ọ̀rọ̀ owó àti òfin. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ̀.

Èkíní ni ìtàn ìbílẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Ghana ti ọdún 2005, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 690, fi ẹ̀tọ́ lórí ìtàn àti iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ sí ọwọ́ ààrẹ orílẹ̀-èdè náà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Yàtọ̀ sí àwọn ìlò tí òfin náà yọ sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ National Folklore Board, kí ó sì san owó. Ọmọ Ghana pàápàá kò yọ sílẹ̀. Àwọn kan ń rí i bí ààbò lọ́wọ́ àjèjì tó ń fi àlọ́ wa pawó. Àwọn mìíràn ní ó ń dènà ọmọ onílé. Bí eré yín bá kúrò ní ti àárín ọ̀rẹ́ tó di ọjà títà, ẹ má ṣe rò pé Ananse jẹ́ ọ̀fẹ́.

Èkejì ni ilẹ̀ tí ẹ ti ń ṣeré. City of Heroes, eré akọni orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tó fi ọdún mẹ́jọ tọ́ akọni wọn dàgbà. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 2012, ilé iṣẹ́ NCSoft tó ni ín ti i pa. Àwọn akọni náà pòórá pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 2019 ni eré náà tún jáde ní gbangba nípasẹ̀ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, oṣù Kìíní ọdún 2024 sì ni NCSoft tó fún ẹgbẹ́ Homecoming ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé pé onílẹ̀ lè dé. Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ síbi tó jẹ́ tiyín.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ẹ jọ ń kọ ọ́. Eré lè di ìwé. Ní ọdún 1983, George R. R. Martin àti àwọn òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Albuquerque ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré àgbéwọ̀ akọni kan tí wọ́n ń pè ní Superworld. Láti inú rẹ̀ ni ìwé Wild Cards ti jáde ní ọdún 1987, ọ̀wọ́ ìwé náà kò sì dúró síbẹ̀. Àwọn Legion of Net.Heroes ní tiwọn máa ń sọ ipò akọni kọ̀ọ̀kan: èyí tí gbogbo ènìyàn lè lò, èyí tó ní olówó ṣùgbọ́n tí a lè yá, àti èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìgba àṣẹ. Ìpínrọ̀ mẹ́ta irú èyí, tí gbogbo ẹgbẹ́ fọwọ́ sí kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, lè dènà ìjà ọdún mẹ́wàá.

Kí ló yẹ kí òbí mọ̀?

Ọmọ tó ń ṣe eré yìí ń kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé, bí a ṣe ń dúró de ẹlòmíràn, àti bí a ṣe ń fara mọ́ ìṣubú. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé àwọ̀ akọni wọ̀ lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín pé kó má ṣe sọ orúkọ gidi, ilé ẹ̀kọ́ tàbí àdírẹ́sì rẹ̀, kó má sì ṣe fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó kúrò láàárín ẹgbẹ́ kí àwọn lọ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, kí ó sọ fún àgbàlagbà. Ní Ghana, òfin ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2020 dá ààbò bo ọmọdé, nọ́ńbà 292 sì ni a lè pè láti fi irú ìwà bẹ́ẹ̀ tó àjọ Cyber Security Authority létí.

Fún àgbàlagbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló nílò: ọ̀rẹ́ mẹ́ta, fóònù kan fún oníkálukú, èdè tí ẹ jọ gbọ́, àti àdéhùn lórí ẹni tó ni akọni wo. Lẹ́yìn náà, kí oníkálukú kọ́kọ́ kọ ohun tí akọni rẹ̀ kò lè ṣe sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn yóò ti bẹ̀rẹ̀.